Ṣé orí àbúrò mi ti dàrú ni?

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa kú ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ife ògì síwájú fọ́tò wọn, á máa ròyìn aṣọ tó fẹ́ rán lọ́jọ́ náà fún wọn. Télọ̀ ni. Ó ń jẹun, ó ń sùn, aṣọ oníbàárà kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní wèrè ló fẹ́ ya, pé ká gbé e lọ sílé àdúrà kan tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Kí ni ká ṣe?
Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de èèyàn o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ère ìbejì ni lẹ́tà rẹ mú mi rántí. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Ta ló pe ìyá yẹn ní wèrè? Àlejò tí kò gbọ́ àṣà wa rí, tó bá a níbi tó ti ń wẹ igi, ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí àwọn sàíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kì í fi ti pé ẹnì kan ò ṣe bí ará yòókù nìkan pè é ní aláìsàn. Wọ́n ń wo ìyẹn náà, àmọ́ aráyé ti fi ṣèkà rí. Ní 1851, dókítà Amẹ́ríkà kan, Samuel Cartwright, kọ ọ́ pé àìsàn ọpọlọ ló ń mú kí ẹrú sá lọ. Ó sọ àìsàn ọ̀hún ní drapetomania. Ẹgba sì wà lára ìwòsàn tó ní kí wọ́n fún wọn!

Ohun tí àwọn sàíkọ́lọ́jíìsì tún ń bèèrè ni pé: ṣé ohun náà ń ni ẹni náà lára? Ṣé kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, kó tọ́jú ara rẹ̀, kó bá èèyàn gbé? Ṣé ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe? Télọ̀ tó ń mú àdéhùn ṣẹ! Tèmi tí orí ẹ̀ pé, kò tíì kó aṣọ Àjíǹde fún mi.

Fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ pé màmá ti kú. Bó bá mọ̀, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2022 ka ọ̀fọ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀ mọ́ àìsàn lóòótọ́, àmọ́ ikú náà gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 12 ó kéré tán, kí ọ̀fọ̀ ọ̀hún sì máa dí àgbàlagbà náà lọ́wọ́.

Bó bá pa ṣọ́ọ̀bù tì, tí kò jẹun mọ́, tàbí tó ní òun fẹ́ tẹ̀ lé màmá lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí UCH. Sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ní 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Aro, l'Ábẹ́òkúta, bá mọ̀lẹ́bí wọn gbé ní àwọn abúlé ìtòsí ọsibítù, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú.

Lọ́la, tó bá tún ń bá màmá sọ̀rọ̀, jókòó tì í. Gbé ife ògì tìrẹ náà dání.