Ẹ má fi Aradu kọ ìtàn bàbá yín

Àbúrò mi, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá. O ní ọjọ́ ogójì wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ tẹ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ. Gbogbo yín mọ̀ pé wọ́n pín lẹ́tà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n wọ nẹ́fì àti ọdún tí wọ́n jáde. Ìbéèrè yìí bá mi níbi tó ń dùn mí. Bàbá tèmi náà nìyẹn: sójà ojú omi nígbà ogun Biafra, lẹ́yìn náà ni wọ́n gun kẹ̀kẹ́ póòsì káàkiri Ẹ̀pẹ́. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lọ.

Èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn wọn fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ, torí pé tíṣà ni mí. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo tí mo mọ orúkọ ẹ̀ ni Aradu, mo bá kọ ọ́ pé inú Aradu ni bàbá mi ti jagun ní Bonny lọ́dún 1967. A tẹ igba ẹ̀dà. Wọ́n ń kà á lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́, níwájú àwọn áfáà, ni bàbá arúgbó kan tó ti Pópó-Ọba wá bá fi ọ̀pá gbéra dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? 1982 ni Aradu ti Jámánì dé. Bàbá ẹ ti bọ́ aṣọ nẹ́fì sílẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà yẹn. Inú ọkọ̀ ojú omi Lokoja la jọ wà, òun ló ń kó sójà àti mọ́tò lọ sétí òkun."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá arúgbó yìí ti ń gbé níbi tí ẹsẹ̀ mi lè dé, mi ò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan rí. Mo ní tí a bá ti ṣe ogójì tán, màá gbé ìwé lọ jókòó tì wọ́n. Kí ogójì tó pé, wọ́n ti sin àwọn náà.

Torí náà, èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ìwé. Àwọn sójà àtijọ́ tó máa ń tò ní January 15 lọ́dọọdún, ẹ lọ bá wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo ni," torí arúgbó kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ọdún. Ẹ bi wọ́n léèrè ọkọ̀ tí wọ́n wà àti ibi tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn sọ̀ ní Bonny, July 1967 nìyẹn. Tí wọ́n bá ní Calabar, October ọdún kan náà ni. Ẹ̀yin fúnra yín á wá ka ọdún yòókù láti ibẹ̀.

Ìwé wá kàn. Ìwé discharge tí nẹ́fì fún wọn nígbà tí wọ́n jáde lẹ ń wá. Nọ́ńbà iṣẹ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n jáde máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tú àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì ṣí Kùránì àtijọ́ wò. Inú Kùránì la ti rí tiwa.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ orí ẹ̀. O ò béèrè ọ̀rọ̀ owó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Nẹ́fì kọ orúkọ bàbá mi ní Rafiu, P&T, ìyẹn iléeṣẹ́ póòsì àti tẹlifóònù ìjọba, kọ ọ́ ní Rafiyu. Y kan péré. Y yẹn gba oṣù 11 lọ́wọ́ mi. Ọ́fíìsì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ibẹ̀ la ti ń béèrè owó tó yẹ kó kan ìyá wa. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la máa ń kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kí gósíló Ajah má bàa ká wa mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ká lọ búra ní kóòtù. A búra. Ìgbà kejì, wọ́n ní irú kóòtù yẹn kọ́. Ìgbà kẹta, ká gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ìgbà kẹrin, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò sí níbi iṣẹ́. Ìgbà karùn-ún, opó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá.

Mo gbé ìyá mi lọ, ẹni ọdún 74 tí orúnkún ń dà láàmú. Wọ́n dúró láti aago mẹ́jọ títí di aago kan, torí kò sí àga. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, tí mo lè bí, wojú ìyá mi, ó ní, "Màmá, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyàwó ẹ̀?" Ìyá tó bí ọmọ méje fún bàbá mi! Wọn ò fèsì. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n ń ká a lórí ọwọ́, wọ́n tún ń tú u. Títí di òní, tí mo bá rí wọn pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó ìwé yín, fọ́tòkópì ni kí ẹ mú dání. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì, tí wọ́n ní àwọn mọ èèyàn nínú, ẹ sá fún wọn. Ẹ má sì tẹ nọ́ńbà iṣẹ́ bàbá tàbí ọjọ́ ìbí wọn sínú ìwé ìsìnkú, àwọn oníjìbìtì ń kà á. Ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ ti mọ ìyẹn, ọ́fíìsì NPC, àwọn tó ń ka iye èèyàn, ni. Tí bàbá bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì póòsì lábẹ́ ètò àtijọ́ tí òṣìṣẹ́ kì í dá owó sí, PTAD, ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ni kí ẹ sọ fún pé wọ́n ti kú. Ti nẹ́fì, Military Pensions Board ni. Ẹ má jẹ́ kí owó ṣì máa wọlé kí ẹ sì máa ná an.

Apá ìtàn tí wọ́n ti pín lẹ́tà, tí o ní ẹ mọ̀ yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. 1985 ni ìjọba pín P&T sí méjì, tẹlifóònù bọ́ sọ́wọ́ NITEL, lẹ́tà bọ́ sọ́wọ́ NIPOST. Ohun tó bá ṣáájú ìgbà yẹn, P&T ni kí ẹ kọ.

Ẹ sì lọ bá àwọn ìyá àgbà àdúgbò. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé bàbá mi kì í kàn na lẹ́tà sí èèyàn kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n máa ń ka á fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n á tún bá a kọ èsì. Tó bá jẹ́ wáyà ikú ló dé, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á ní kí onílé fún àwọn lómi mu. Wọ́n á jókòó mu omi yẹn tán kí wọ́n tó la ẹnu. Ìyá kan ní Ojú-Alárò ní títí dòní, tí òun bá rí ọkùnrin tó ṣí fìlà béèrè omi, àyà òun máa ń já. Gbogbo èyí ò sí nínú igba ẹ̀dà tí mo tẹ̀.

Tí ẹ bá kọ tiyín tán, fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, màá bá yín kà á. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó bá bàbá wọ nẹ́fì.