“Principal” tàbí “principle”: pírínsípà ti ẹnu wa ti yanjú rẹ̀

Ìyá kan kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé girama tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó fẹ́ tọrọ àyè kí ọmọ náà lè lọ síbi ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀. “The Principle” ló kọ sí òkè lẹ́tà. Ọmọ gbé lẹ́tà padà wálé, ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ìyá yìí wá ń béèrè ni pé: ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ṣebí bákan náà ni wọ́n ń pè wọ́n lórí rédíò?

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ìyá wa. Etí yín kò ṣìnà. Lẹ́nu àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, “principal” àti “principle” kò yàtọ̀ síra rárá. Inú ìwé nìkan ni wọ́n ti pínyà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi máa ń ṣì wọ́n kọ, títí kan àwọn tó ń fi ìwé kíkọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì bí àwọn méjèèjì. Nínú èdè Látìn, “princeps” ni ẹni tó gba ipò kìíní, aṣíwájú. Ibẹ̀ ni “prince” ti wá. Ohun tó bá jẹ́ ti aṣíwájú ni “principalis”, òun ló di “principal”. “Principium” ní tirẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, ìpìlẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, wọ́n ń pè é ní “principe”, kó tó di “principle”. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí “l” nínú ti Faransé. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni “l” ti wọ inú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn fa wàhálà, àwa la wá ń fi bírò pupa jìyà rẹ̀.

Níbikíbi tí ẹ bá ti rí “principal”, ipò iwájú ni wọ́n ń sọ: ẹni tó jẹ́ olórí, tàbí ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀gá ilé ìwé girama ni. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, hẹ́dímásítà la mọ̀ ọ́n sí. Àwọn “principal officers” tí ìwé ìròyìn máa ń dárúkọ nílé aṣòfin l'Ábùjá náà ni: ààrẹ ilé aṣòfin àgbà, igbákejì rẹ̀, àtàwọn olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré. “Principal reason” ni ìdí pàtàkì. “Principle” kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí láé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ “principal” láìwẹ̀yìn.

Ìlò ti báńkì ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹ yá ₦500,000, wọ́n ní ẹ ó san “principal” àti “interest”. “Principal” ni ojú owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn gan-an, “interest” ni èlé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwọ̀fà kò lè ṣi èyí gbọ́. Láyé àtijọ́, tí ẹnì kan bá yá owó tó sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó rẹ̀ ni èlé. Ó lè ṣe é fún ọdún 10, ojú owó kò ní fi kọ́bọ̀ dín. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó náà wá pé pérépéré ni ìwọ̀fà tó lè dòmìnira. Owó tí iṣẹ́ ọdún 10 kò lè bù jẹ yẹn, òun gan-an ni “principal”. Ẹ̀yin tí ẹ ń san èlé nìkan lóṣooṣù, tí ẹ rò pé gbèsè ń dín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ ka ìwé àdéhùn yín.

“Principle” kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe owó. Ìlànà ni, ìpìlẹ̀ tí a gbé ọ̀rọ̀ tàbí ìwà kà. Orí Kejì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ̀rọ̀ nípa “Directive Principles of State Policy”, àwọn ìlànà tó yẹ kí ìjọba máa tẹ̀ lé. Bó bá ṣe “Directive Principals” ni wọ́n kọ, àwọn ọ̀gá ilé ìwé ni ì bá máa darí orílẹ̀-èdè. Ó lè máà burú. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ̀ tó kọ̀, tí kì í ṣe ẹ̀rù EFCC ló bà á, àmọ́ tí kò kàn ní í ṣe irú ẹ̀ láéláé, “principle” ló ní.

Ẹ ṣọ́ra fún “in principle”. Ẹni tó fẹ́ dá báńkì sílẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà á kọ́kọ́ fún un ní “approval in principle”. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ti ìpìlẹ̀, àmọ́ ó ṣì ku ohun tó máa ṣe kí ìwé àṣẹ gan-an tó jáde. Ó dà bí ìgbà tí ẹbí ìyàwó ní àwọn ti gbọ́, tí wọn kò tíì dá ọjọ́ ìdána. Kò tíì tó ohun tí a ń pa màlúù sí.

Báwo lẹ ó ṣe máa rántí? Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní “pal”, ìyẹn ọ̀rẹ́, ló wà nídìí “principal”, nítorí pé ọ̀rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀gá. Èmi ò gbà á. Ọ̀gá tiwa nígbà náà, bí a bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, ojú fèrèsé la ń gbà sá.

Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ti wà lẹ́nu yín tipẹ́. Kí la ń pe ọ̀gá ilé ìwé? Pírínsípà. “À” ló parí rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé “a” yẹn mì, àwa tí wọ́n ní a ò mọ èdè pè la bá wọn tọ́jú rẹ̀. “Principle” ní tirẹ̀, lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, pírínsípù ló ń dún. Torí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pè é bí ọmọ Yorùbá. Bó bá parí sí “pà”, tó sì ń tọ́ka sí àgbà tàbí pàtàkì, “a” ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sì jẹ́ kí “a” tó wà nínú ìlànà tàn yín jẹ. Kò sẹ́ni tó ń pe ìlànà ní pírínsípà.

Ẹ tún lẹ́tà yẹn kọ, kí ọmọ gbé e lọ ní kíá kí ọjọ́ má baà lọ: “The Principal”. Ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá.