Owó oúnjẹ há sí báǹkì nílé? Líǹ fóònù rẹ ni kí o kọ́kọ́ wá

Àbúrò mi, bí mo ṣe ń ka ìbéèrè rẹ ni orí mi ń wú. O ní ìyá yín ti kó owó tó o máa fi gbọ́ bùkátà títí wàá fi parí másítàsì rẹ ní ìlú ọba níbí sínú àkáǹtì rẹ ní Nàìjíríà. O ra fóònù tuntun, áàpù báǹkì ń béèrè kóòdù, kóòdù ń lọ sórí nọ́ńbà tó o fi sílẹ̀ nílé, nọ́ńbà náà kò sì lọ mọ́. Onílé ń retí owó ilé. O wá ń béèrè bóyá kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Má tíì rà á o.

Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn lọ́dún 2023. Nígbà tèmi, £1,023 lóṣù, fún oṣù 9, ni àwa tí iléèwé wa kò sí ní London ń fi hàn kí wọ́n tó fún wa ní físà. (Ní oṣù Kíní 2025 ó di £1,136, ti London di £1,483, wọ́n sì tún ti gbé e sókè lẹ́yìn ìyẹn.) Gbogbo ẹbí ló dá owó yẹn jọ. Owó iléèwé tó kù gbé apá kan lọ, ìyókù wà ní náírà, mo sì ń fà á díẹ̀díẹ̀.

Líǹ mi, ìyẹn sím Nàìjíríà mi, wà lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Ó ní òun ń tọ́jú ẹ̀. Òótọ́ ni, ó tọ́jú ẹ̀: ó wé e sínú bébà, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jò lọ́wọ́ wa. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, bí líǹ kan bá lo oṣù 6 tí kò ṣe nǹkan kan tó ń mówó wọlé fún iléeṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè pa á. Bó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ pátápátá, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Àpò onítọ̀hún ni kóòdù báǹkì rẹ yóò wá máa dún sí. Kí sím wà nínú fóònù nìkan kò tó. Ẹ ra káàdì sí i, ẹ fi pe èèyàn.

Nígbà tí líǹ tèmi kò lọ mọ́, àbúrò mi ọkùnrin yẹn lọ sí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì wa láti gbà á padà. Ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà ní ẹni tó ni líǹ ni kó wá tẹ̀ka. Ó ní ẹni náà wà ní ìlú ọba. Ọmọbìnrin náà ní kó wá. Ó lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ó gbé àfidáfíìtì dé, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì NIN kò sí. Ìgbà tó padà lọ, kò tún sí. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, nẹ́tíwọ̀kì ló ń dà wọ́n láàmú!

Ibi tá a bá a dé nìyẹn tí ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà fi pé, tí CBN, báǹkì àpapọ̀ wa, jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 fò kọjá ₦660 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó oṣù mẹ́ta mi di owó oṣù méjì níṣojú mi, n kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Mo wá gba ọ̀nà power of attorney, ìwé tá a fi ń fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú wa, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè bá mi gba owó náà. Ọ̀pọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí WhatsApp kì í sọ eléyìí: Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn apostille ti Hague, tó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè gba òǹtẹ̀ ara wọn lórí ìwé, nítorí náà òǹtẹ̀ notary, amòfin tó ń jẹ́rìí sí ìwé, nìkan kò tó. Láti ọ̀dọ̀ notary, ó di Foreign Office ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún di iléeṣẹ́ aṣojú wa ní Northumberland Avenue ní London. Owó ni níbi gbogbo. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwé dé Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ báǹkì yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó ní fọ́ọ̀mù tiwọn làwọn ń lò. Fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà látọjọ́ tá a ti ń pè wọ́n! Nítorí náà, kọ̀wé sí ẹ̀ka báǹkì rẹ, gba fọ́ọ̀mù wọn, kó o tó ná kọ́bọ̀ sórí notary.

Mánígà kan tí òun àti màmá mi jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló là mí lóye níkẹyìn. Nọ́ńbà orí BVN lọ́tọ̀, nọ́ńbà orí àkáǹtì lọ́tọ̀. Ní báǹkì tèmi, ti orí àkáǹtì ni kóòdù ń bá lọ. Ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n so ojú ìwé pásípọ́ọ̀tì mi mọ́ ọn, kí wọ́n fi nọ́ńbà +44 mi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá a padà, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé kò jọ ti inú fáìlì. Ta ló rántí bó ṣe buwọ́ lùwé nígbà tó ń wọ yunifásítì? Mo tún un kọ, wọ́n pè mí lórí fídíò láti rí ojú mi, áàpù ṣí. Ọ̀nà yìí ni kí o kọ́kọ́ gbà. Ẹni tí kò bá ní BVN rárá, NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó BVN, àti CBN ti gbé NRBVN, ìyẹn BVN àwa tá a wà lẹ́yìn odi, jáde ní oṣù Karùn-ún 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní báyìí ná, lọ bá ọ́fíìsì ilé gbígbé ní iléèwé rẹ, ní kí wọ́n pín owó ilé fún ọ sí wẹ́wẹ́. Béèrè hardship fund, owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan le fún, pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní in, má tijú. Bó o bá fẹ́ fi iṣẹ́ kún un, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà rẹ gbà ọ́ láàyè láti ṣe nígbà tí iléèwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́ o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ò ń kọ dissertation kì í ṣe ìsinmi fún ọmọ másítàsì, 20 yẹn náà ni. Àwọn tó sì ní kí o jẹ́ kí owó ẹni tó ò mọ̀ rí gba inú àkáǹtì rẹ kọjá kí wọ́n lè bá ọ ṣẹ́ náírà, sá fún wọn. Báǹkì ibí á ti àkáǹtì náà pa, ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ bàálù, ẹ gba tókìn báǹkì, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kóòdù jáde, dání, ẹ ṣí roaming, èyí tó ń jẹ́ kí líǹ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, nílé, ẹ gbé sím yín wá. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là bí agbára bá gbé e.

Àbúrò, ṣé oṣù 6 ti pé tí wọ́n ti lo líǹ yẹn kẹ́yìn? Bí kò bá tíì pé ọdún, ó ṣì lè jẹ́ tìrẹ. Pe ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kó o dá mi lóhùn níbí.