Ṣé kí n jẹ́ kí Kẹ́hìndé bá àwọn Híńdù pín oúnjẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Harrow là ń gbé. Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún 14, fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Sátidé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn Híńdù àdúgbò wa, kó lè fi ṣe ètò àmì-ẹ̀yẹ Duke of Edinburgh nílé ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè é. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, pé oúnjẹ òrìṣà ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ nílùú yìí, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Leicester ni mo wà, ẹ̀yìn Belgrave Road, níbi tí wọ́n ti ń tan iná Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù, káàkiri títì. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, aago méjì ọ̀sán ni mò ń wọṣẹ́, ó di alẹ́ pátápátá kí n tó dé. Màmá Gujarati kan (ẹ̀yà kan ní Íńdíà ni wọ́n) tó múlé tì wá ló ń bá mi mú ọmọbìnrin mi nílé ìwé. Ba ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwa ṣe ń sọ pé Màmá Àgbà. Ó wà lára àwọn ará Éṣíà tí Idi Amin lé kúrò ní Uganda lọ́dún 1972, tó fún ní 90 ọjọ́ péré. Council ìlú yìí tiẹ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn lọ́hùn-ún nígbà náà pé kí wọ́n má wá síbí. Wọ́n wá. Ba ní àwọn tó ti ṣáájú dé ló fún wọn ní yàrá àti aṣọ òtútù, ìyẹn lòun ò fi lè jókòó sílé bí ẹgbẹ́ bá ní iṣẹ́. Seva ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí dókítà tó ń to bàtà èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì wọn.

Ọmọ mi ń tẹ̀ lé Ba lọ síbẹ̀. Mo mọ̀, mi ò bèèrè. Oúnjẹ ló ń gbé bọ̀, ó sì ń yọ mí lọ́wọ́ ìdáná.

Ọdún tó pé 14, lọ́jọ́ kejì Diwali, wọ́n ń ṣe Annakut, tí wọ́n máa ń to oúnjẹ bí òkè síwájú òrìṣà. Mo tètè kúrò níbi iṣẹ́, mo yà síbẹ̀. Mo rí i: jọ́ọ̀gì omi lọ́wọ́, àmì pupa níwájú orí, òwú pupa lọ́rùn ọwọ́. Ó gbé jọ́ọ̀gì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Ba. Ba gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń súre fún un.

Ọmọ tí kò kúnlẹ̀ kí mi rí! "Hi Mum" ni mò ń gbà láràárọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàtà ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Mo di ọwọ́ ọmọ mú, mo fi eyín já òwú yẹn níṣojú gbogbo wọn, mo ń pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Jọ́ọ̀gì dojú dé. Ba ò sọ nǹkan kan. Ó ṣa òwú nílẹ̀, ó fi etí sárì rẹ̀ nu omi.

Mo ní nítorí Ọlọ́run ni. Irọ́ ni. Ìyá-ìyá mi nÍléṣà so irú ẹ̀ mọ́ èmi náà lọ́wọ́ rí, kò sẹ́ni tó já a. Òwú ni mo já, owú ló ń jẹ mí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀? Owó ilé ò dúró de ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa náà wà, aṣọ ẹbí àti owó àjọ là ń jà lé lórí níbẹ̀, àwọn ọmọ á wà ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú fóònù. Kò sẹ́ni tó gbé jọ́ọ̀gì omi lé wọn lọ́wọ́ rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo din àkàrà láìsí àlùbọ́sà (Ba kì í jẹ ẹ́, ẹ ò ní gbàgbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu), mo gbé e lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́. Ọmọ mi ni kò padà síbẹ̀ mọ́, ojú ń tì í. Ó ti pé 23 báyìí. A ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé fún Kẹ́hìndé àti ẹni tó ń bójú tó àwọn ọmọ. Kó má gbé ẹran tàbí ẹyin wọbẹ̀. Prasad, ìyẹn oúnjẹ tó ti dé iwájú òrìṣà, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fẹnu kò lé e lórí nílé, kì í ṣe níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa sọ fún bàbá rẹ̀ gan-an ni mi ò mọ̀. Tèmi ṣì ń sọ pé mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ẹ tẹ̀ lé e lọ ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà o. Ilẹ̀ máa ń tutù, ẹ wọ ibọ̀sẹ̀.