Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti lọ, kí ló tún kù lára àbúrò mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí òjò, àbúrò mi gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ó sì sùn. A bá a níbi tó dákú sí. Wọ́n fún un ní ọ́síjìn, ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí iṣẹ́ télọ̀. Láti ọjọ́ márùn-ún, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti tọ̀ sára lẹ́ẹ̀mejì. Ẹbí ní ọwọ́ ayé ni. Àbí èéfín yẹn ṣì ni?

ÌDÁHÙN: Èéfín náà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí.

Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín náà, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ọ́síjìn tí wọ́n fún un lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti ọpọlọ yàtọ̀. Àwọn okùn iṣan inú ọpọlọ ní ohun tó bò wọ́n, bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Lára àwọn kan, lẹ́yìn tí ara ti yá, rọ́bà yìí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó lè tó 40. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kí ẹbí máa wá ọ̀tá kiri.

Ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba, tí irú èéfín yìí mú nígbà tó dáná èédú sínú yàrá, kí mi dáadáa. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà kan, mo ní kó yọ 350 kó fún mi ní ṣéńjì. Ó ká owó náà sí wẹ́wẹ́, ó tún tú u, ó tún ká a. Kò lè ṣírò ṣéńjì náà.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dárúkọ jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó dárúkọ ìtọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní rí carbon monoxide mọ́. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló lè fi ohun tó ṣe ọpọlọ hàn. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè kà á sí wèrè. Kò sí oògùn kan pàtó fún un, ìtọ́jú àti kíkọ́ ẹsẹ̀ rìn ni. Ọ̀pọ̀ ń bọ̀ sípò láàárín ọdún kan, àmọ́ iyè àwọn mìíràn kì í já gaara bíi tàtijọ́. Ẹ má jẹ́ kó gun ọ̀kadà o, kó sì jìnnà sí áyọ́ọ̀nù.

Ta ló tún sùn nínú ilé lóru ọjọ́ náà? Ẹ kó wọn dání.