Ìwé tí wọ́n ń kà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀: kí ló gbé àwọn ará Sípéènì kọjá òkun?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ìtumọ̀ àṣà tí àwọn ajagun Sípéènì ní ayé àtijọ́, tó fi jẹ́ pé kí wọ́n tó kọlu ìlú kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ́kọ́ ka ìwé kan sí àwọn onílẹ̀ létí, àti pé ìgbà wo ni àṣà náà parí. Mo ti gbọ́ ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń gbé kiri, pé ìtara ẹ̀sìn ni, pé wọ́n fẹ́ fún àwọn kèfèrí láàyè láti ronú pìwà dà ni. Inú bí mi, torí ẹni tó bá ka ìwé yẹn dé ìparí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn fo ìparí ìwé yìí dá.

Requerimiento ni wọ́n ń pè é. Amòfin ọba kan, Juan López de Palacios Rubios, ló kọ ọ́ ní 1513. Àwọn ọmọ ogun Pedrarias Dávila, ọ̀gágun ará Sípéènì, ló kọ́kọ́ gbé e sọdá òkun ní 1514. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé, ó dé orí Pétérù Mímọ́, ó bọ́ sórí Póòpù, ó wá ní Póòpù ti fi gbogbo erékùṣù àti ilẹ̀ wọ̀nyí ta ọba Sípéènì lọ́rẹ. Bí ẹ bá gbà, a ó fi ìfẹ́ gbà yín mọ́ra. Bí ẹ bá kọ̀, a ó gbógun wọlé tọ̀ yín, a ó kó yín lẹ́rú tìyàwó tọmọ, a ó tà yín, a ó kó ẹrù yín. Ikú àti òfò tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ wá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Lẹ́yìn èyí ni ibi tí àwọn aṣàlàyé máa ń fò: ẹni tó ń kà á yóò ní kí akọ̀wé òfin tó bá wọn wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti kà á, kó buwọ́ lù ú, kí àwọn tó wà nítòsí sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni akọ̀wé ń kọ̀wé fún? Àwọn onílẹ̀ kò gbọ́ èdè Sípéènì. Nígbà mìíràn gbogbo ará ìlú ti sá lọ, ilé òfìfo ni wọ́n ń kà á fún. Gonzalo Fernández de Oviedo, ará Sípéènì kan tó wà níbẹ̀ ní 1514, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun sọ fún Pedrarias pé kó ká ìwé náà mọ́wọ́ títí tí wọ́n á fi rí ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí tì mọ́lé, kí wọ́n lè rọra kọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ọba ni wọ́n ń kọ̀wé fún, kì í ṣe onílẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Ọba kì í san owó oṣù fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ jagun wọ̀nyẹn. Agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n. Columbus gba ìwé àdéhùn tirẹ̀ ní Santa Fe ní oṣù kẹrin 1492: oyè ọ̀gágun ojú omi, ipò gómìnà, ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè. Pizarro, ẹni tó ṣẹ́gun Perú, gba tirẹ̀ ní Toledo ní 1529, lẹ́yìn tí òun, Diego de Almagro àti fádà kan, Hernando de Luque, ti da òwò pọ̀ ní Panama. Ẹni tó gba ìwé ni yóò wá ọkọ̀, ẹṣin, oúnjẹ àti ohun ìjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì yáwó ṣe é. Bí ìkógun bá dé, ọba á mú ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n á wá pín ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a jí kò ṣe é pín níwájú òfin, àyàfi tí ogun náà bá tọ̀nà. Ìwé kíkà yẹn ló ń sọ olè di ẹ̀tọ́. Èmi sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé gbèsè ló gbé ọ̀pọ̀ wọn kọjá òkun, gbèsè náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró níbi tí wọ́n kọ́kọ́ dé.

Ẹ wo Cortés, ẹni tó ṣẹ́gun Mẹ́síkò. Ó ti wọ gbèsè wọrùn ní Kúbà kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣí ní 1519. Nígbà tí Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec ní Mẹ́síkò, ṣubú ní oṣù kẹjọ 1521, wúrà tó kan ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan kéré débi pé kò tó san owó ẹṣin, owó ọrun àti owó oníṣègùn tí wọ́n jẹ. Wọ́n ń kọ èébú sára ògiri ilé rẹ̀ ní Coyoacán. Kí ni Cortés ṣe? Ó fọ́n wọn ká, ó ní kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí àwọn agbègbè mìíràn.

Mi ò ní ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n gba Granada lọ́wọ́ Mùsùlùmí náà ni Columbus ṣíkọ̀, ìtara yẹn ṣì gbóná. Ti ata àti èròjà Ìlà-oòrùn, ti ìdíje pẹ̀lú àwọn Potogí, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀sìn jẹ lógún gan-an ló dojú kọ àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ní 1511, àlùfáà Antonio de Montesinos dìde ní Santo Domingo, ó bi àwọn ọlọ́lá ìlú pé ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n fi ń fi àwọn onílẹ̀ ṣẹrú. Encomienda ló ń bá wí, ètò tí wọ́n fi ń pín odidi ìlú fún ará Sípéènì kan kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún un. Ìwọ̀fà tiwa mọ ẹni tó yá owó àti iye tó yá. Àwọn èèyàn yẹn ń sin owó tí wọn ò mọ̀dí rẹ̀. Nígbà tí òfin 1542 fẹ́ fòpin sí jíjogún encomienda, àwọn ará Sípéènì tó wà ní Perú dìtẹ̀, wọ́n sì pa aṣojú ọba, Blasco Núñez Vela, ní 1546. Ṣé nítorí ìhìnrere ni wọ́n ṣe pa á?

Àwọn onílẹ̀ pàápàá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà ju àwọn aṣàlàyé òní lọ. Martín Fernández de Enciso, ọ̀kan nínú àwọn ajagun Sípéènì, fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìdáhùn tí àwọn olórí Cenú, ní ilẹ̀ tó ti di Kòlóḿbíà lónìí, fún un. Wọ́n ní ti pé Ọlọ́run kan ló wà, àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Póòpù tó ń fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ, ọtí ló ń pa á. Ọba tó sì tọrọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yọ kúrò lára ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wẹ́rẹ́. Enciso sì fi ogun gba ìlú náà.

Ó ń dùn mí pé a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nílé ìwé wa fún ọdún mélòó kan, tí àwọn ọmọ wá ń fi fídíò kéékèèké kọ́ ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 1518, ọba Carlos fún Lorenzo de Gorrevod, ìjòyè ààfin rẹ̀, ní ìwé àṣẹ láti kó 4,000 ọmọ Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà. Gorrevod ta ìwé náà fún àwọn oníṣòwò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn tiwa ni wọ́n ń kó lọ sí oko ìrèké ní Kúbà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí, àjàgà ẹrú ò sì tán lọ́rùn wọn bọ̀rọ̀: 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. A máa ń yọ̀ pé Ṣàngó wà ní Havana. Ó yẹ ká máa béèrè ìwé tó gbé e débẹ̀.

Ní ti ìgbà tí àṣà náà parí, òfin tuntun tí Felipe Kejì, ọba Sípéènì, ṣe ní 1573 ló rọ́pò rẹ̀. Nígbà yẹn, Mẹ́síkò àti Perú ti bọ́ sọ́wọ́ wọn tipẹ́, fàdákà Potosí, òkè kan ní ilẹ̀ tó ti di Bòlífíà lónìí, tí wọ́n rí ní 1545, sì ti ń wọ Seville ní Sípéènì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọwọ́ ọba kọjá sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó ará Genoa ní Ítálì. Ní 1575, ọba fúnra rẹ̀ kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́.