Èsì: Ohun tó kù lẹ́yìn ìjì 1900 ní Galveston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ètò. Ẹ ní ọjọ́ kan péré lẹ ní láti mú màmá yín láti Houston wá sí Galveston, ìlú etí òkun ní Texas, kẹ́ ẹ wo ohun tí ìjì líle tó jà níbẹ̀ ní 1900 kò lè wó. Òpópónà Broadway ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má tíì yà sétí òkun.

Bishop's Palace àti Ashton Villa, ilé ńlá àtijọ́ méjì, ṣì dúró níbẹ̀. Ní Ashton Villa, ẹ wo ọgbà irin tó yí ilé náà ká dáadáa: ó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìjì ni wọ́n da iyanrìn láti gbé ilẹ̀ ìlú ga, ìyẹn ló bo ìsàlẹ̀ irin náà. Èmi ò tíì rí ohun tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlú yẹn jù ú lọ.

Tí ẹsẹ̀ bá ń dun màmá, ẹ wo Bishop's Palace láti ìta. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba Seawall, ọ̀nà etí ògiri tó ń dá omi òkun dúró:

1. Ní 48th Street, ère idẹ ìrántí ìjì náà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2000.
2. Ní 69th Street, àmì ìrántí ilé ọmọ aláìlóbìí St. Mary's. Nígbà ìjì náà, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni àwọn sísítà Kátólíìkì ibẹ̀ fi so àwọn ọmọ mọ́ra wọn. Sísítà 10 àti ọmọ 90 ló kú, ọmọkùnrin 3 péré ló yè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wakọ̀ kọjá níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún màmá.

Tó bá jẹ́ oṣù Òkúdu lẹ ń lọ, ẹ tètè gbéra. Galveston ni wọ́n ti kéde òmìnira àwọn ẹrú Texas ní 19 Òkúdu 1865, èrò sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà.